Bàbá, Ẹ Sọ fún Mojísọ́lá Kó Fọhùn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí òtútù Manchester tilẹ̀ ti sọ orúnkún mi di igi. Mo kí Màámi, mo kí Bọ̀dá Rẹ̀mí àti gbogbo ará ilé wa ní Ìlobù. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé òjò ń rọ̀ dáadáa?

Inú ń bí mi, Bàbá, ẹ má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Orí fóònù ni ǹ bá ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa ń pa á tí mo bá ti dárúkọ Ìfọ́n tó bá wa pààlà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí àwọn bàbá àgbà ìlú méjèèjì lè jọ kà á.

Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Nítorí kí Mojísọ́lá ọmọ mi má baà rí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mú un lọ sí kíláàsì Yorùbá ní gbogbo Sátidé, bọ́ọ̀sì méjì nínú òjò. Nítorí tiyín gan-an ni, kí ẹ̀yin àti ọmọ ọmọ yín lè yé fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ bá ara yín sọ̀rọ̀.

Sátidé mẹ́fà, Mojí ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní méjì-méjì kí ìtìjú lè kúrò lójú wọn. Tí ọmọ bá ṣì í, á jẹ́ kó sọ ọ́ tán kó tó bá a tún un ṣe. Àwọn tí kò lè kí ènìyàn tẹ́lẹ̀ ti ń sọ ìtàn. Mojí á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé láìṣì, á sì pa ẹnu dé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi bisikíìtì tàn án, mo pè é ní olóríkunkun. Olùkọ́ ọ̀hún, tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó rò pé òun lòun ń dẹ́rù bà á.

Inú bọ́ọ̀sì ló ti jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní ẹ bi òun lórí fóònù pé ará ibo ni olùkọ́ òun, òun ní ará Ìfọ́n ni, ẹ sì ní òun ò gbọ́dọ̀ fọhùn níwájú ará Ìfọ́n láé. Ó ní òun ti ṣèlérí fún yín.

Bàbá, mo mọ ohun tí ojú yín rí. Mo mọ oko tí ẹ ò lè dé mọ́ nítorí ìjà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá olùkọ́ yìí náà sá kúrò nílé ní Ìfọ́n, Òṣogbo ló wà títí di òní. Tí ìròyìn burúkú bá ti ilé wá, èmi àti òun la jọ máa ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Kí ni ọmọ ọdún méje mọ̀ nípa ààlà ilẹ̀? Ó dùn mí gan-an.

Mo ti ní kó sọ̀rọ̀, ó ní èmi kọ́ lòun ṣèlérí fún. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè ní Sátidé ká tó jáde. Mi ò ní gbé fóònù náà, Mojí ló máa gbé e. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé kó fọhùn.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, ẹ ó fojú rí wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí tilé-toko. Mojí ní kí n kí yín. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́