Irin Tí Mo Yọ Lẹ́yìn Abẹ Ayùn

Wọ́n yọ Kọ́jó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa nítorí ọtí tí kò mu, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé irọ́ tí wọ́n fi yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo ka ìwé dé yunifásítì ní Lomé, mi ò ríṣẹ́, mo padà sí Agbonou, sí àtẹ̀líyé káfíńtà Tonton mi. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, òun ló rán mi nílé ìwé láti kékeré, àgbà ìjọ sì ni. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn abẹ ayùn orí tábìlì wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí igi tí à ń là pa dé mọ́ abẹ, torí tó bá pa dé, abẹ á gbé igi náà, á sọ ọ́ padà lu ẹni tó ń tì í. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ fa kòtò tóóró sára pákó, kòtò tí kò la pákó já, irin yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí ó ga ju abẹ lọ, pákó ò ní lè kọjá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má dá a padà.

Èmi ni mo yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àga gígùn ṣọ́ọ̀ṣì là ń ṣe, igi tíìkì. Mo fa kòtò tán, mo ti mú irin lọ́wọ́ láti dá a padà, Tonton ní kí n fi sílẹ̀, pé lọ́la a tún máa fa kòtò... "Akọ̀wé Lomé, ṣé ìwé lo fẹ́ fi la igi ni?" Gbogbo àtẹ̀líyé bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé irin sórí fèrèsé, mo lọ jẹun ní òdìkejì ọ̀nà. Kọ́jó, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Tonton, kò sí níbẹ̀ nígbà yẹn, ó gbé ilẹ̀kùn lọ fún oníbàárà ní Glei. Ìgbà tó dé, ẹsẹ̀ àga ló bẹ̀rẹ̀ sí í là, èyí tó fẹ̀ lókè tó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, igi tí wọ́n ń là ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tó le jù nínú iṣẹ́ wa. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ dún. Mo mọ̀ pé irin kò sí níbẹ̀. Mo ní kí n pariwo... mo tún ní wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́ mi? Nítorí yẹ̀yẹ́! Mo tún bu ìrẹsì sẹ́nu. Igi ta padà, ó gbá a níkùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wọ abẹ. Ìka méjì lọ. Mo fi ẹ̀wù mi di ọwọ́ náà, mo gbé e sórí ọ̀kadà zémìjàn, ó di ọsibítù ní Atakpamé.

Ìjọ ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tonton ní kí n kọ ọ́ ní Faransé pé Kọ́jó mutí wá síbi iṣẹ́. Òun kò dárúkọ sódábì, ògógóró wa, o. Èmi ni mo fi kún un pé òórùn sódábì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ìwé náà lè dà bí òótọ́. Kọ́jó tí kò fi ọtí kan ètè níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ pàápàá! Wọ́n kà á síta níwájú ìjọ, ó dúró pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, kì í jáde nílé lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́.

Màmá rẹ̀ wá láti Akparé pẹ̀lú iṣu, ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tó lè bí, ó ń dúpẹ́ pé mo gbé ọmọ òun dé ọsibítù. Mi ò lè ní kó dìde. A gún iṣu náà ní fùfú, bí a ṣe ń pe iyán níbí, Tonton jẹ, èmi náà jẹ.

Tí mo bá sọ òótọ́, ẹni tó tọ́ mi ni màá dójú tì. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ilé Kọ́jó ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí iwájú ìjọ? Báwo ni mo ṣe máa wo ojú màmá yẹn?

Ẹ̀yin àgbà ìjọ náà, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí. Ta ni nínú yín tó bi Kọ́jó ní ìbéèrè kan ṣoṣo? Ta ló lọ bá nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ rẹ̀? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò wá wo ẹ̀rọ? Tonton, kí ló dé tí ẹ ní kí n fi irin sílẹ̀? Ẹ dáhùn.