Ọwọ́ Àbíkẹ́yìn Mi àti Àwọn Tó Ń Ṣe Èékánná

Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá.

Alákàbà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o wà láàyè? Ṣé ara le? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fara dà ọ́? Mo kí àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ọmọ, títí kan èyí tó ju bàtà mi sórí òrùlé nígbà tí mo wá sílé yín. Ní tèmi, mo wà. Eyín ti dín kù, ojú ò tíì fọ́, inú tó ń bí mi ò sì tíì rọ̀. Bí ó bá ń yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà yìí mọ́ gaara, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. O mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé nìkan ni mo mọ̀, ìyẹn náà nítorí pé èmi ni mo kùn ún. Àbíkẹ́yìn mi ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, títí kan èyí tó bá bá òun wí.

Ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ náà ò kun èékánná rí láyé rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, inú omi ọṣẹ lọwọ́ rẹ̀ ń wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó mọ ohun gbogbo, sọ fún un pé nígbà tí wọ́n bá ń fi òrùka sí i lọ́wọ́, ọwọ́ yẹn ni gbogbo ojú máa wò, àti pé àwòrán rẹ̀ ni yóò wà lára ògiri títí ayé. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti ń kó ọwọ́ pamọ́ sínú àpò bí ẹni tó jí nǹkan. Ó ní òun ò lè na irú ọwọ́ yìí síta lójú èrò. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni kó mú un lọ ṣe é, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti lọ síbi tí wọn kì í ti í bọ̀. Èmi ló kù. Mo dé fìlà mi, mo tẹ̀lé e.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yẹn náà ló júwe ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́yìn, iná aláwọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ni ín ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ewúrẹ́ tó rí àpò sìmẹ́ǹtì jẹ. Kò kí mi. Mo wo irinṣẹ́ rẹ̀, nítorí àwa tó ń kun ilé mọ̀ pé ara búrọ́ọ̀ṣì la ti ń mọ akunlé, kì í ṣe lẹ́nu rẹ̀. Eruku èékánná ẹlòmíràn ṣì wà lára ohun tó fẹ́ fi rẹ́ ti ọmọ mi. Tówẹ̀lì kan ṣoṣo ni ẹni mẹ́ta ti nu ọwọ́ sí níṣojú mi, ó tutù, ó ń rùn bí àkísà mẹkáníìkì. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ṣọ́ọ̀bù tó ń dán kọ́ ni iṣẹ́ tó ń dán.

Ó fa ọwọ́ ọmọ mi, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ló jẹ èyí? Àbí eku wà nílé yín ni?” Àwọn oníbàárà rẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kó ọwọ́ padà sínú àpò. Mo ní, “Eku ilé wa mọ́ ju tówẹ̀lì rẹ lọ.” A jáde. Ṣùgbọ́n kí a tó jáde, mo ti wo àwòrán ńlá tó gbé kọ́ ògiri: ọwọ́ ìyàwó kan, èékánná funfun gígùn, àmì dúdú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó kéré jù. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Mo fi í sọ́kàn.

Ṣọ́ọ̀bù kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ogójì ìṣẹ́jú ni òun fi ń ṣe ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó yẹ kí n ti padà láti ibẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ mi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ bí òun ṣe ń yára tó, orí ògiri tútù ni yóò kun ọ̀dà sí. Mo gbójú sókè, kí ni mo rí? Ọwọ́ kan náà nínú àwòrán, àmì dúdú kan náà. Mo ní ta nìyẹn. Ó ní, “Oníbàárà mi ni, Bàbá. Oṣù tó kọjá ni mo ṣe é fún un.” Mo ní, “Ọwọ́ rẹ̀ mà lẹ́sẹ̀ o! Òun náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní títì ńlá.”

Ló bá tan ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí, irú èyí tí wọ́n fi ń lu irin, ó gbé e lé èékánná àtàǹpàkò ọmọ mi, ó ń ha á. Ó ha á, ó ha á, títí ojú ọmọ fi yí padà. Ọmọ ní ó ń gbóná. Ó ní, “Ẹ fara dà á, Ìyàwó. Arẹwà kì í sunkún.” Alákàbà, ọ̀dà àtijọ́ la máa ń ha kúrò, a kì í ha ògiri! Mo fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ. Ó figbe ta: “Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó ni?” Mo ní, “Èmi kọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ìka.”

Lójú ọ̀nà, mo ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́ kí ọ̀rọ̀ parí. Ó ń rìn lọ níwájú, ọwọ́ nínú àpò.

Obìnrin tó ń rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ló wá júwe ẹnìkan tó ń ṣe é nínú yàrá iwájú ilé ara rẹ̀, oníbàárà kan lẹ́ẹ̀kan. Àbùkù rẹ̀ ni mo bá lọ. Mo wá a títí, mi ò rí i, inú sì bí mi. Ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́ tirẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ike tó dé pinpin. Mo ní kó fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí. Ó ní ọwọ́ aránṣọ tó júwe òun ni àwòrán òun, ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí òun ti ṣe é. Mo sì ti rí ọwọ́ aránṣọ náà, nǹkan kan ò bó lára rẹ̀. Ó bi ọmọ mi ní irú iṣẹ́ tó ń ṣe àti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní èékánná gígùn ò yẹ ẹni tí kò ṣe é rí, pé kò ní lè di bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀. Kúkúrú ni, kí kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sì jọ àwọ̀ ara. Ó ní òun ò ní fi nǹkan kan kan àtàǹpàkò tí wọ́n ha yẹn títí yóò fi san. Tòní, ìdánwò ni. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó ni kó padà wá ṣe èyí tó máa lò. Mo dìde kí n lè túbọ̀ rí ohun tó ń ṣe. Ó ní, “Bàbá, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mi.” Ogójì ọdún ni mo fi sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn onílé. Mo jókòó.

Ó wá bi ọmọ náà, kò rẹ́rìn-ín o, pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èékánná. Ọmọ mi ní, “Láti ìgbà tí Màámi ti kú.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bi ní aago tó lù.

Ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta lèmi àti ọmọ yìí ti ń jẹun lórí tábìlì kan. Mo rí àmì dúdú lára ọwọ́ inú àwòrán láti ẹnu ọ̀nà, mi ò rí ọwọ́ ọmọ mi. Mo ti gan gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Kò yẹ kí n fo ara mi.

Ọmọ mi bá bú sẹ́kún. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí tábìlì, kútẹ́ẹ̀sì ò tíì gbẹ, kò lè nu ojú. O mọ̀ mí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mi ò ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo ṣe: mo fi àtàǹpàkò tẹ èékánná ìka kan, bí a ṣe máa ń tẹ ògiri wò bóyá ó ti gbẹ.

“Bàbá! Ẹ ti bà á jẹ́!” Obìnrin náà fò dìde. Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mi ò rí àbùkù rẹ̀, èmi ni mo bà á jẹ́. Ìlà àtàǹpàkò mi hàn níbẹ̀ kedere, bí ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìjọba. Ọmọ mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo fi nu ojú rẹ̀. Mo ní, “Jókòó jẹ́ẹ́, kó o má ba ìyókù jẹ́.” Obìnrin náà ti mú òwú láti nu ìka náà, kó tún un kùn. Ọmọ mi fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó wà títí di Ọjọ́bọ̀.”

Ibi tí a dé yìí, ó ti dẹ́kun kíkọ. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Ọwọ́ náà wà lórí ìwé níwájú mi, kò sí nínú àpò.

Wá síbi ìgbéyàwó yìí. Wọ aṣọ tí ọ̀dà ò ta sí, bí o bá ṣì ní ọ̀kan. Má ṣe bá ẹ̀gbọ́n ọkọ sọ̀rọ̀, kò ní jẹ́ kó o sinmi. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o sì bá mi kí gbogbo àwọn tí a jọ kun ilé, àwọn tó ṣì lè gun àkàbà àti àwọn tó ti já bọ́ bíi tìrẹ. Níwọ̀n bí mi ò ti mọ ìwé kọ, àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí. O ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi náà ti ní tirẹ̀.

Èmi ni tìrẹ, láti orí àkàbà dé ilẹ̀,

Bàbá Akunlé.