Ẹsẹ̀ Mi Kì Í Fò Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Ìrẹ̀sà-Apá,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, 2025.

Ọmọ́níkẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n ka ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ tó kọjá fún ọ. Èkíní ni ẹsẹ̀ mi òsì. Èkejì ni òjò tí kò dáwọ́ dúró, tí mò ń rò pé bóyá omi ti wọ ilé yín ní Àgùdà. Ẹ̀kẹta ni ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ fún mi, ó bí méjì, ọ̀kan kò sì fẹ́ mu ọmú. Ẹ̀kẹrin ni ohun kan tí mo tẹ̀ lórí fóònù. Òun ló burú jù, n ó dé orí rẹ̀.

Wàyí o, ṣé dáadáa lo wà? Níyì ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì ń tà ní Ládìpọ̀? Ayọ̀miídé ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù? Ẹni tó ń ṣọ́ òròmọdìẹ lọ́wọ́ àṣá ni yóò máa ṣọ́ yín láàárín èrò Surulere. Ilé kò wó, mo sì ń jẹun. Ọmọ ewúrẹ́ náà ti gbà láti mu ọmú láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ kó o tètè mọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ kejì tí o sọ pé Kérésì tọdún yìí náà, ẹ ò ní lè wálé. Mo jókòó, mò ń bó ẹ̀gẹ́, ni ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun mi bá ń sọ kúlúkúlú bí ìgbà tí ọmọ ẹja wà nínú rẹ̀. Kò dùn mí, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù, nítorí ohun tó ń dunni, a máa ń mọ̀ ọ́n. Yẹ̀kínnì télọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, sọ pé ẹsẹ̀ tó bá ń fò, ìrìn àjò ló ń bẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo ní èmi tí mo jáde gírámà kò lè gba irú ìyẹn gbọ́. Ó ní bóyá gírámà náà ló ń fò.

Ni mo bá bi fóònù tí o rà fún mi. Mo kí i, mo ní ẹ káàárọ̀, mo sọ ọjọ́ orí mi àti ẹsẹ̀ tó jẹ́. Ó kọ ọ́ jáde pé ó lè jẹ́ àárẹ̀, ó lè jẹ́ àìsùn, ó sì lè jẹ́ àìsàn kan tó máa ń pa iṣan ara díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn ò fi ní lè gbé ṣíbí sẹ́nu mọ́. Bí mo ṣe ka ìyẹn ni ṣíbí ọwọ́ mi wúwo. Kí n tó kà á tán, ìwé kékeré kan yọ jáde, ó bo gbogbo ojú fóònù, ó ń bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá mo gba gbogbo rẹ̀ àbí mo kọ̀ ọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àlàyé wọn yé mi ni, kò sì dáa kí èèyàn gba ìmọ̀ràn tán kó tún ṣe àfojúdi, mo bá tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán ló tó yé mi. Ọmọ́níkẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Ìyá rẹ, nígbà ayé rẹ̀, tí wọ́n bá kí i kú àìsàn, á ní òun kò gba àìsàn kankan. Èmi wá fi àtàǹpàkò ara mi gbà á, títí kan èyí tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti fi aṣọ di fóònù náà sínú àpótí, ọjọ́ Ìsinmi tí o máa ń pè nìkan ni mò ń yọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mo fi rán awakọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Múṣin.

Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ ara mi wò. Mò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró lábẹ́ igi ọsàn, mò ń gbé ọmọ odó sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìgbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá sì fò, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé kan. Àwọn ará ìjọ rò pé ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Mò ń jẹ obì kí oorun má baà gbé mi lọ, kí ẹsẹ̀ má lọ máa fò lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé ìwé náà lọ fún Làbákẹ́, nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ ti ọwọ́ òun, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í ṣubú. Ó ní bàbá, ẹni tí iṣan rẹ̀ ń kú kì í ti nọ́ọ̀sì ṣubú. Ó bi mí pé obì mélòó ni mò ń jẹ lóòjọ́, mo ní mẹ́rin, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi obì sílẹ̀ kí n máa sùn, àti pé dókítà tó ń wá lọ́jọ́rú yóò tún yẹ̀ mí wò. Ó wá ń ṣí ìwé mi, ó bi mí ìdí tí ọjọ́ Ìsinmi kò fi ní àkọsílẹ̀ kankan. Mo wò ó. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́jọ, òfo ni gbogbo wọn. Ó ní kí ni mo máa ń ṣe lọ́jọ́ náà, mo ní kò sí nǹkan kan, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà mo máa ń jókòó de ọmọ mi kó pè. Ó rọra pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún mi.

Mo ronú sí i, mo rí i pé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, pé nẹ́tíwọ̀kì ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Ní ìjẹta, mo yọ fóònù nínú àpótí, mo fi gèlè ìyá rẹ dì í mọ́ ojúgun mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò ṣiṣẹ́. Ńṣe ni ẹsẹ̀ ń fò lábẹ́ fóònù. Lánàá lo wá pè, o ní ọbẹ̀ wà lórí iná, o gbé e fún Ayọ̀miídé, ọmọ náà ní òun ti lè so okùn bàtà òun fúnra òun. Mo wo ẹsẹ̀ mi, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí mo rí ọmọ yẹn gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn mi ló wà tí mo pọ̀n ọ́n, kò ì mọ ohun tí bàtà jẹ́. Kì í ṣe fóònù ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ yìí, Ọmọ́níkẹ́. Má sọ fún Yẹ̀kínnì.

Mo bẹ̀ ọ́, bá mi wá ọ́fíìsì àwọn tí mo tẹ̀ ẹ́ fún pé mo gbà. Níyì ti sọ fún mi rí pé Yaba ni àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà pọ̀ sí. Kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Tí wọ́n bá ní àtàǹpàkò tó gbà á náà ló gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́, má bá wọn jà, mò ń mú un bọ̀. Má fi owó oògùn ránṣẹ́. Owó ọkọ̀ ni kó o fi ránṣẹ́, àlọ nìkan. Ti àbọ̀, ẹ jẹ́ ká ríra ná.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ wá wa tì, kò ní jẹ́ kí a wá yín tì. Ohun tí ẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ jìnnà sílé, ẹ ó rí i, ẹ ó sì gbé e wálé. Awakọ̀ oníṣu náà ti ní òun á gbà mí síwájú ọkọ̀. Kí dókítà wò mí ná, kí n sì fi ewúrẹ́ síkàáwọ́ Yẹ̀kínnì. Èmi bàbá rẹ, Ọ̀jẹ̀túndé, yóò gbéra lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹwàá yìí.