Ìwé Ilẹ̀ Tó Ní Àwòrán Ìyàwó

Abúlé Ìdí-Ìyeyè,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Múyìwá ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ilé ẹrù tí ẹ wà ní Trafford Park yẹn? Ṣé òtútù Manchester kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ jù? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá bí òjò bá ṣú. Olúwa á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Páálí tí ẹ ń tò lé ara wọn dé òkè àjà kò ní ya lé ọ lórí. Ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù kò ní gbé ìka rẹ mọ́ ọn. Àdúrà náà kò tíì parí o, ṣùgbọ́n ibí ni mo fẹ́ dá a dúró sí ná, bí o bá ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ wàá mọ ìdí rẹ̀.

Nípa ti ilé, adìẹ funfun tí o mọ̀ yẹn pa ọmọ mẹ́sàn-án, àwòdì ti gbé méjì nínú wọn, méje tó kù ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé. Páànù tí o fowó rẹ̀ ránṣẹ́ ti wà lórí ilé, ilé kò jò mọ́ rárá, àfi òkè ibùsùn mi nìkan. Tíṣà Olúkúnlé tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé lọ́jọ́ Sátidé ní kí n kí ọ. Ó ní kí n máa fi àmì ìdúró sí ọ̀rọ̀ mi, mo sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kò fẹ́ dúró.

Ẹ̀rù ń bà mí, Múyìwá. Jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

O rántí oṣù Kẹjọ tí ìwọ, Ọdúnayọ̀ ìyàwó rẹ àti Moyinolúwa ọmọ yín wálé fún ìrántí bàbá rẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, o ní o fẹ́ gbé Moyin dé Ìbàdàn kó lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, pé ẹ ó padà ní ìrọ̀lẹ́. Kí o tó wọ mọ́tò, o pè mí wọ yàrá, o gbé àpò ìwé kan lé mi lọ́wọ́, o ti fi ọ̀rá wé e, o ní, Màmá, ìwé ilẹ̀ ni, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí Ọdúnayọ̀ rí i, ẹ mọ̀ pé àṣírí kì í pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, lábẹ́ aṣọ òkè ìgbéyàwó mi. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, a sè, a dúró. Ọjọ́ kejì, a dúró. Ọjọ́ kẹta lo pè láti Manchester, o ní ilé ìwé Moyin ti fẹ́ wọlé, kí ìyàwó rẹ fara balẹ̀ sinmi lọ́dọ̀ mi.

Ìyàwó rẹ kò sinmi. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ló ń wá. O sọ fún un lórí fóònù pé ó ní láti jẹ́ pé ó já bọ́ síbì kan lójú ọ̀nà. A gbá ilé, a gbá ẹ̀yìnkùlé, mo da gbogbo àpò èlùbọ́ sórí ẹní, mo wọ inú ilé ewúrẹ́ lọ lórí orúnkún tí kò dá yìí. Èmi tí mo fi í sí abẹ́ aṣọ ara mi, èmi ni mò ń bá a wá a kiri, tí mo tún ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ẹni tó gbé e hàn wá.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ikán yọ ní ẹsẹ̀ àpótí mi. Ikán kò mọ ìwé ilẹ̀ yàtọ̀ sí páálí, ni mo bá ní kí n sá ìwé rẹ sí oòrùn. Mo tú ọ̀rá, mo fa ìwé yọ. Ìwé kékeré ni, àwọ̀ ewé, mo ní, ó dáa, ilẹ̀ oko ni ọmọ mi rà. Mo ṣí i, mo rí àwòrán Ọdúnayọ̀ tó ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Áà! Ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ tí mo mọ̀ tóbi bí aṣọ ìnura, kò sì sí àwòrán ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ayé ti yàtọ̀, mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, ẹni tó ni ilẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Inú mi dùn débi pé mo jó lọ bá a nídìí ààrò. Mo ní, ìyàwó mi, má sunkún mọ́, ọkọ rẹ ti ra ilẹ̀ fún ọ, orúkọ rẹ ló fi rà á! Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó. Ó jókòó sínú eérú. Nígbà tó wá figbe ta, àwọn ará ilé kejì rò pé ẹnìkan ló kú.

Lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ gbẹ, ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti ní kí n fọwọ́ sí ìwé kankan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Akíndèjì ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà ti wá, ó ní ìjọba fẹ́ máa fún àwọn àgbàlagbà lówó oúnjẹ, kí n kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. O mọ̀ pé mi ò kì í tẹ ìka mọ́, mo ti mọ̀wé. Mo kọ orúkọ mi dáadáa, mo tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kó lè dùn ún wò. Ẹ̀dà tó fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi bo ìkòkò iyọ̀. Tíṣà Olúkúnlé ló gbọn iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ tó sì kà á fún wa. Ìwé ẹjọ́ ni. Ó ní èmi, ìyá ọkọ, ni mo sọ pé Ọdúnayọ̀ jí góòlù mi kó, pé ó fẹ́ sá kúrò ní Nàìjíríà, kí kóòtù bá mi sọ fún àwọn tó wà ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n dá a dúró bí wọ́n bá rí i, títí ẹjọ́ á fi parí. Tíṣà bá wa béèrè, wọ́n ní kóòtù ti gbà. Ìyẹn ni pé bí ìyàwó rẹ bá tilẹ̀ rí pásípọ́ọ̀tù, orúkọ rẹ̀ ti ń dúró dè é níbẹ̀, èmi ni mo sì gbé e síbẹ̀, pẹ̀lú ìlà lábẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́. Ọmọ mi ni ọ́. O ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé láti ìgbà tí owó tí Ọdúnayọ̀ ń gbà níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Ashton ti ju tìrẹ lọ ni ẹnu rẹ̀ ti gùn, pé ó tilẹ̀ ní òun máa kó jáde pẹ̀lú ọmọ. Mo ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹni tó bá dá sí i ló máa jẹ̀bi. Mo sùn lé e, mo jí lé e, títí di ọjọ́ Ìsinmi kan, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí o pè mí lórí fóònù tí wọ́n fi ń rí ojú ara wọn yẹn.

Mo ti ta aṣọ kọ́ sẹ́yìn mi kí ojú fóònù má baà dé ibi tí Ọdúnayọ̀ jókòó sí, torí mi ò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe ń jìnnà tó. O bi mí pé, Màmá, ìwé yẹn ńkọ́? Mo ní ó wà. Mi ò purọ́, ó wà, àyà Ọdúnayọ̀ ló wà. Lẹ́yìn náà lo yí fóònù sí Moyin. Múyìwá, o ti fá orí ọmọ yẹn kodoro. O ní ó ń sunkún bí o bá ti mú òòyà, pé o kò mọ irun dì, pé iṣẹ́ ń pè ọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti bí mi, ọmọ tí òbí rẹ̀ kú là ń fárí fún. Moyin fi ọwọ́ méjèèjì bo orí ara rẹ̀, ó ní òtútù ń mú òun, ó sì bi mí ọjọ́ tí mọ́mì òun máa dé. Mọ́mì rẹ̀ wà lẹ́yìn aṣọ, ó ti ki etí ìró bọ ẹnu kí o má baà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ṣe mọ́, mo mú gègé mi àti rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́, mo wọ mọ́tò lọ sí kóòtù, mo ní kí wọ́n gbé ìwé yẹn wá kí n pa orúkọ mi rẹ́ kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé kóòtù rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní orúkọ kì í parẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí n wá búra níwájú adájọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí adájọ́ tó ráyè tèmi. Obìnrin ni. Ó bi mí pé góòlù tí wọ́n jí dà. Mo ní, Olúwa mi, góòlù kan ṣoṣo tí mo ní láyé ni yẹtí yìí, kò kúrò létí mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Mo bọ́ ọ fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé wọ́n á tì mí mọ́lé ni, mo ti di aṣọ méjì àti ọṣẹ dání. Ó ní kí n máa lọ sílé, ó ní, Màmá, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò kà mọ́. Ó sì kọ ìwé pé kí wọ́n yọ orúkọ Ọdúnayọ̀ kúrò.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé yẹn sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ lọ́nà kó tó dé pápákọ̀. Ọ̀la sì ni ọkọ̀ òfurufú Ọdúnayọ̀ máa gbéra. Halimah, ọmọ Ìlọrin tó wà ní ilé kejì yín ní Whalley Range, tí òun àti Ọdúnayọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló dá owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá wọn ní bí kò bá dé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Mo bi Ọdúnayọ̀ pé físà ńkọ́, ó ní kò sí nínú ìwé mọ́, orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò jẹ́ kó gbé fóònù yẹn súnmọ́ omi, torí bí fóònù bá kú, físà kú nìyẹn. O sì rántí pé ẹ̀rọ báńkì gbé káàdì mi mì lọ́dún tó kọjá, tó kọ̀ tí kò pọ̀ ọ́. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki pásípọ́ọ̀tù sí lẹ́nu wà níbẹ̀ náà. Bó bá gbé e mì ńkọ́? Mo ti ṣe ẹ̀dà márùn-ún nínú ìwé adájọ́, ọ̀kan wà nínú báàgì, ọ̀kan wà nínú bàtà rẹ̀, mo rán ọ̀kan mọ́ abẹ́ aṣọ, méjì wà lọ́wọ́ mi. Màá tẹ̀ lé e dé ibi tí wọ́n bá ti ní kí n dúró. Yẹtí mi á wà létí mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní ó jí góòlù, màá na etí sí i.

Nítorí náà, bí o bá ń ka ìwé yìí, a jẹ́ pé wọ́n jẹ́ kó kọjá, torí Ọdúnayọ̀ ni mo fi rán. Ó sọ fún mi pé ilẹ̀kùn yín ní ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà bọ̀. Ibẹ̀ ni ìwé yìí gbà wọlé bá ọ. Ẹni tó tì í bọ̀ kò tíì lọ, òun àti Halimah ló dúró síta.

Bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, sọ ọ́ lójú rẹ̀. Halimah ní kóòtù wà ní Manchester náà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti ọmọ, ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹnu méjèèjì sọ̀rọ̀, èmi kì í ṣe adájọ́ yín. Èyí tí mi ò lè gbà ni kí o fi ọwọ́ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wá, èmi ni mo bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni àwọn òbí rẹ̀ fà á lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní ọmọ àwọn dà, kí ni mo fẹ́ wí? Mo fẹ́ràn rẹ, Àkànní, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ ń bà mí, mi ò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀rù ọmọ tí mo fún lọ́mú máa bà mí.

Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo fi lọ kóòtù, ìwọ ni kí o san án, torí ẹjọ́ rẹ ni. Fi owó ẹ̀dà ìwé márààrún kún un, àti ti páànù kan péré tó kù lókè ibùsùn mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ra fìlà òtútù fún Moyin, kó máa dé e títí irun rẹ̀ á fi hù.

Ó ku àdúrà. Ìdajì tó kù, mi ò kọ ọ́ síbí. Mo ti kọ́ Ọdúnayọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n lórí, ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣì í. Òun ló máa gbà á fún ọ. Ṣùgbọ́n irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kò ṣe é ti gba ihò ilẹ̀kùn wọlé. Dìde, ọmọ mi, lọ ṣí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọlákẹ́ Àbẹ̀kẹ́.

Mo ti ka gbogbo ohun tó wà lókè yìí tán kí n tó kọ orúkọ mi sí i.