Ìgbéyàwó Mi Bọ́ sí Sátidé Àwọn Ẹfọ̀n

Tarkin, Iowa
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá

Lorna ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á lọ. Mo ti lọ́kọ! Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí adájọ́ ti so èmi àti Emmett Sedlak pọ̀ ní kóòtù, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Pásítọ̀, torí mo fẹ́ kí ìwọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n o kì í gbé fóònù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé òtútù Ṣikágò kò tíì le jù? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Ní tèmi, ara mi dá ṣáṣá, mò ń kọrin tí mo bá ń fọ abọ́, débi pé ajá ń wò mí lójú.

Emmett yìí ló fi ẹfun fa ìlà sórí pápá ìṣeré kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí wọ́n tó tẹ́ koríko oníke síbẹ̀ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Inú òjò la ti pàdé lórí pápá lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Bellmont ti gba àmì márùn-ún-dín-láàádọ́ta nínú bọ́ọ̀lù, tí àwọn Ẹfọ̀n kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ò ní ẹyọ kan. Gbogbo èèyàn ti lọ, ó ku èmi nìkan. Ó gbé agbòjò wá bá mi, ó ní Ìyá Lorna, àwọn tó ń gbá a gan-an fẹ́ máa lọ sílé, kí lẹ ṣì ń ṣọ́? Mo ní àga bàbá Lorna ni mò ń ṣọ́. Ó ní ẹ fọkàn balẹ̀, àga yẹn ò lè sá, torí bó bá lè sá ni, ì bá ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ̀ mí lẹ́nu.

Òótọ́ ló sọ. O rántí pé àwa obìnrin ìjọ máa ń rán kúbùsù fún gbogbo ọmọ tó bá wà lọ́dún ìkẹyìn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Mọ́kànlá ló wà ní yàrá rẹ tí àwọn tó ni wọ́n ti lọ. Mo ti rán orúkọ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí dé ìdajì nígbà tó sunkún lórí fóònù pé òun fẹ́ràn wa gan-an, òun ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń sanwó jù. Mo kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé kó bá mi bá a wí. Ìyá náà dáhùn pé owó ọ̀hún lòun fi tún òrùlé ṣe.

Kóòṣì tuntun tún dé, ẹ̀kẹrin láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá rẹ ti kú. Ó jẹ páì mi ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní kí á fún òun lọ́dún mẹ́ta, ògo á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìṣáájú wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyẹn jẹ páì tèmi.

Wọ́n ní inú fóònù la ó ti máa gba àga wa báyìí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fi hàn pé ènìyàn ni mí. Lorna! Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi jókòó níbẹ̀ nínú yìnyín! Ó ní kí n tọ́ka sí àwòrán iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, Tarkin ò sì ní ẹyọ kan. Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Pásítọ̀, ó kọ ìwé ẹ̀rí pé ènìyàn ni mí, ó lu òntẹ̀ ìjọ sí i, mo sì fi ránṣẹ́. Wọn ò tíì dáhùn. Owó tí o ń fi sínú fóònù mi náà ń dé, mi ò tíì ná an. Mò ń fi iná sí fóònù lójoojúmọ́ kó má bàa kú mọ́ owó náà.

Nígbà tí àwọn Ẹfọ̀n ń borí, ìwọ ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní Sátidé tí a bá ń bá Bellmont gbá. O ó jókòó sórí àga bàbá rẹ, o ó pariwo, o ó jẹ búrẹ́dì àti sọ́séèjì, o ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó tán, ó di pápá ọkọ̀ òfurufú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòfo, ìwọ náà ò wá mọ́. O ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ máa borí ná. Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó borí, kí ọmọ tèmi lè wálé. Ní oṣù tó kọjá Emmett sọ fún mi pé àwọn Ẹfọ̀n ò lè dìde mọ́, pé ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá kò ní pẹ́ ní ìlú bíi tiwa. Mo sunkún, kì í sì í ṣe torí bọ́ọ̀lù.

A fẹ́ gba ìbùkún nílé ìjọ. O mọ̀ pé ní Tarkin, kò sẹ́ni tó ń ṣègbéyàwó ní Sátidé tí àwọn Ẹfọ̀n bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Nígbà tí ọmọ Haugen dán an wò, ọkọ, ìyàwó àti ẹni tó ń tẹ dùrù nìkan ló wá, ẹni tó ń tẹ dùrù sì ki rédíò bọ etí. Sátidé Bellmont gan-an ni mo mú. Mo rò pé Pásítọ̀ máa lọgun, àmọ́ kò tilẹ̀ wo kàlẹ́ńdà, ó ní kò burú, àyè wà. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, torí àwọn ló ń mú aago tí wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi bọ́ọ̀lù sí ìrọ̀lẹ́, kí o lè rí méjèèjì wò. Àná ni wọ́n kéde rẹ̀: aago mọ́kànlá àárọ̀, aago àwọn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wò wọ́n. Aago ìgbéyàwó tèmi náà nìyẹn. Emmett ní kí á sún tiwa síwájú. Mo ní rárá.

Má fi owó ránṣẹ́. Ìwọ ni mo ń tọrọ. Mi ò mọ̀ bóyá ògo àwọn Ẹfọ̀n máa padà, mi ò sì ní dúró dè é mọ́ kí n tó rí ọmọ mi. Ọ̀nà rẹ á là, o ò ní rí ìbànújẹ́, ilé tìrẹ náà á kún fún ẹ̀rín. Sọ fún Curt àbúrò rẹ àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú. Èmi ìyá yín, Verna Sedlak, ni mo ní kí gbogbo yín ti wà nínú ìjọ ní Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá, aago mọ́kànlá àárọ̀.