Gàrí Tí Mi Ò Kà Mọ́ Oúnjẹ

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹjọ, 1997

Dókítà ní ebi tó ń pa mí ṣáá yìí kì í ṣe wọ̀bìà. Mo rìn wálé bí ẹni tó ń lá àlá.

Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé a ti yó. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti sanra jù, ìránṣẹ́ náà á máa kànkùn, ara ò ní gbọ́ dáadáa mọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń tọrọ ìdáríjì ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọ̀fun mi...

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, ó ti ní kí n ka gbogbo ohun tí mo ń jẹ lójúmọ́. Mo kà á, mi ò dárúkọ gàrí. Ta ló ń ka gàrí mímu mọ́ oúnjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí?

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ẹ̀rín pa á.

"Bàbá Fọlákẹ́! Abọ́ mẹ́ta lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ? Ohùn ìránṣẹ́ yẹn á ti há!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú. Ìdáríjì tí mo fi irọ́ gbà lọ́wọ́ dókítà, ṣé ìdáríjì ni? Màá padà lọ sọ fún dókítà lọ́la.

Mo ti bu omi sí gàrí kan kí n tó jókòó kọ èyí. Ó ń wú díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ́tí sí inú mi títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo gbé abọ́ náà fún ìyàwó mi. Bí mi ò tilẹ̀ gbọ́, mo ti mọ̀ báyìí pé ẹnì kan ń kànkùn.