Pẹ́pẹ́yẹ Ló Ń Pè

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Oúnjẹ ni mò ń tà ní Enugu Road, Sabon Gari níbí.

Tẹlifíṣọ̀n ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré kì í sọ̀rọ̀. Bàbá mi ló máa ń bá pẹ́pẹ́yẹ inú kàtúùnù sọ tiẹ̀ ní Yorùbá: "Mo tún ti dé o!" Nígbà tí mo rí kàtúùnù yẹn lórí fóònù, mo pa ohùn rẹ̀, mo sì sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi bíi ti bàbá. Àwọn ọmọ yìí, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn tí mo bá sọ Yorùbá!

Lánàá, bàbá pè láti Ọ̀fà: "Mo tún ti dé o!" Àbíkẹ́yìn mi tó gbé fóònù fi Yorùbá pariwo: "Mọ́mì, pẹ́pẹ́yẹ ló ń pè!" Mo dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọkọ mi ní àfojúdi ni. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe? Bàbá fúnra wọn ò jẹ́ ìpè "Bàbá Àgbà" mọ́, àfi "Pẹ́pẹ́yẹ".